Láti Ọwọ́ Ohm Dé Okùn Abẹ́ Òkun: Bí Wọ́n Ṣe Mọ Ìdènà Iná Wọ̀n

Iná mànàmáná ti wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ fún bí ọdún 25 kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí wáyà ṣe ń dènà rẹ̀. Alessandro Volta, ará Ítálì, ló ṣe bátìrì ní 1800: ó to àwo fàdákà àti síǹkì lé ara wọn, ó sì fi ohun tí a rẹ sínú omi iyọ̀ sí àárín wọn. Iná tó ń ti inú rẹ̀ jáde kì í ṣẹ́rí padà. Apá kan náà ló ń ṣàn sí. Ní 1820, Hans Christian Oersted rí i ní Copenhagen pé wáyà tí iná ń gbà kọjá ń yí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó bá wà nítòsí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ojú ti lè rí i bóyá iná pọ̀ tàbí ó kéré. Ohun tí kò sí ni òfin tó so bátìrì, wáyà àti yíyí abẹ́rẹ́ náà pọ̀.

Ẹni tó rí òfin náà kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n olókìkí. Georg Simon Ohm, ọmọ alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n bí ní Erlangen ní Jámánì ní 1789, ń ṣe olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Cologne. Àyẹ̀wò rẹ̀ ti 1825 forí ṣánpọ́n, bátìrì ló sì fà á: bí iná bá ti ń jáde ni agbára bátìrì ń rọ̀, kò sì ṣeé mọ̀ bóyá gígùn wáyà ló dín iná kù ni àbí ó ti rẹ bátìrì. Poggendorff, olóòtú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí Ohm ń kọ àbájáde rẹ̀ sí, gbà á nímọ̀ràn pé kó pa bátìrì tì, kó lo ohun tí Seebeck ṣàwárí ní 1821: bí a bá so irin oríṣi méjì pọ̀, tí oríkèé kan gbóná tí èkejì tutù, iná á máa ṣàn.

Ohm mú bismuth àti bàbà, ó ki oríkèé kan bọ omi tó ń hó, ó fi èkejì sínú yìnyín. Omi tó ń hó kì í gbóná kọjá ibi tó gbóná dé, yìnyín tó ń yọ́ kì í sì yí ipò padà. Ìdí nìyẹn tí iná náà kò fi lọ sókè sódò. Ó wá mú wáyà bàbà mẹ́jọ tí wọ́n nípọn bákan náà, èyí tó kúrú jù jẹ́ íǹṣì 2, èyí tó gùn jù jẹ́ 130. Ó ń so wọ́n mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń lọ́ okùn irin tín-ín-rín tí abẹ́rẹ́ òòfà rọ̀ sí, títí abẹ́rẹ́ á fi padà sí àyè rẹ̀. Iye tó lọ́ ọ ni ìwọ̀n iná. Ní oṣù kìíní ọdún 1826, wáyà íǹṣì 2 fún un ní 326¾, ti íǹṣì 10 fún un ní 238¼, ti íǹṣì 130 fún un ní 48½.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo iye wọ̀nyí á rò pé wọn kò bára mu, nítorí wáyà tó fi ìlọ́po 65 gùn ju èkejì lọ kò sọ iná di ìdá kan nínú méje pàápàá. Ohm rí ohun tó fà á. Kì í ṣe wáyà nìkan ló ń dènà iná. Ohun tó ń mú iná wá pàápàá ń dènà rẹ̀, ìdènà inú yìí sì dọ́gba pẹ̀lú ti wáyà bàbà íǹṣì 20¼. Bí a bá fi 20¼ kún gígùn wáyà, tí a sì fi àpapọ̀ rẹ̀ pín 7285 (iye tó dúró fún agbára tó ń ti iná), íǹṣì 2 á mú nǹkan bí 327 wá, íǹṣì 130 á mú 48½. Inú ìṣirò kékeré yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: agbára tó ń ti iná, tí a fi àpapọ̀ ìdènà ojú ọ̀nà rẹ̀ pín, ni iye iná tó ń ṣàn. Bátìrì volt 12 tó ní ìdènà ohm 1 nínú, tí a so mọ́ wáyà ohm 5, á mú iná ampere 2 wá. Ìdènà inú yìí gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé lónìí.

Ìwé Ohm jáde ní Berlin ní 1827, ṣùgbọ́n wọn kò kà á sí nílé; Royal Society ti London ló fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley ní 1841. Ní 1845, Gustav Kirchhoff, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Königsberg, fi òfin tirẹ̀ kún un: iye iná tó wọ oríta wáyà ni iye tó ń jáde níbẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ mọ ìdènà ní láti kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n iná àti agbára bátìrì, méjèèjì sì ṣòroó wọ̀n nígbà náà. Samuel Hunter Christie, olùkọ́ ní Woolwich, ti ta ọgbọ́n kan sí i ní 1833, ṣùgbọ́n Charles Wheatstone ló gbé e sójú táyé ní 1843. Wheatstone sọ pé Christie ló ni ín, àmọ́ orúkọ Wheatstone ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdènà mẹ́rin ni wọ́n tò ní onígun mẹ́rin. Bátìrì wà láàárín igun méjì tó dojú kọra, galvanometer, ẹ̀rọ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń yí bí iná bá ń gbà á kọjá, wà láàárín méjì tó kù. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ ohm 100, tí èkejì jẹ́ 200, tí abẹ́rẹ́ sì dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí a yí ẹ̀kẹta dé 35, ẹ̀kẹrin tí a kò mọ̀ jẹ́ 70. Bátìrì ìbáà le, ìbáà rọ̀, ìdáhùn kò yí padà. Ìyọnu ọdún 1825 ti tán.

Okùn tẹlígíráàfù ló sọ ìmọ̀ yìí di òwò. Okùn tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ Atlantic ní 1858 kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí awọ okùn bá ya nísàlẹ̀ òkun, iná á máa dà sómi. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ á wọn ìdènà láti etíkun. Bí máìlì kan bá jẹ́ ohm 4, tí ìwọ̀n náà jẹ́ 600, nǹkan bí máìlì 150 ni ọkọ̀ ojú omi á lọ kó tó fa okùn náà sókè. Ojú ibi tó ya náà ní ìdènà tirẹ̀, torí náà wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n láti etíkun kejì pẹ̀lú. Irú okùn bẹ́ẹ̀ dé Èkó ní 1886.

Ṣùgbọ́n nígbà tí okùn 1858 kú, òṣùwọ̀n ìdènà kò tíì dọ́gba. Ní 1861, William Thomson rọ ẹgbẹ́ British Association láti yan ìgbìmọ̀ tí yóò fìdí òṣùwọ̀n ìdènà kan múlẹ̀. Werner Siemens náà ti gbé ọ̀pá mẹ́kúrì onímítà kan kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n ìdènà ní Jámánì. Àpérò Paris ti 1881 fọwọ́ sí ohm, volt àti ampere. Ní Chicago ní 1893, wọ́n fìdí ohm múlẹ̀ pẹ̀lú mẹ́kúrì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 106.3, tó wúwo ní gíráàmù 14.4521, ní ìwọ̀n ooru tí yìnyín ń yọ́. Fàdákà ni wọ́n fi wọn ampere: iná tó bá yọ fàdákà gíráàmù 0.001118 kúrò nínú omi tí a yọ́ fàdákà sí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí fi díẹ̀ lé ní gíráàmù 4 ní wákàtí kan, iye tí òṣùwọ̀n ilé àyẹ̀wò lè wọ̀n láìsí wàhálà. Ní 1948 ni wọ́n pa àwọn ìtumọ̀ wọ̀nyí tì. Láti 1990, ohun tí onímọ̀ físíìsì Klaus von Klitzing ṣàwárí nípa ìdènà iná ní 1980 ni àwọn ilé àyẹ̀wò fi ń fìdí ìwọ̀n ohm múlẹ̀.