Yàrá Ẹlẹ́nìkan ní Ilé-Ìwòsàn Ìjọba Ìlú Ọba: Èrè àti Àdánù Rẹ̀

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìtàn yàrá ẹlẹ́nìkan wò ní ilé-ìwòsàn Ìlú Ọba. Ìbéèrè wa ni pé: ta ni í jẹ èrè rẹ̀, ta sì ni àdánù rẹ̀ ń bá?

Ní 1859, Florence Nightingale tẹnu mọ́ ọn pé gbọ̀ngàn ńlá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé tí ojú nọ́ọ̀sì sì tó gbogbo aláìsàn, ló dára jù.

Nígbà tí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1948, Aneurin Bevan, mínísítà ètò ìlera, gbà kí àwọn àgbà dókítà máa tọ́jú àwọn tó ń sanwó lórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀tọ̀ nínú ilé-ìwòsàn ìjọba. Èrè rẹ̀ ni pé àwọn dókítà kò kẹ̀yìn sí ètò náà. Àdánù rẹ̀ ni pé olówó ń ṣíwájú ẹni tó ti pẹ́ lórí ìlà. Ní 1974, àwọn òṣìṣẹ́ Charing Cross ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀ láti sin àwọn olówó náà. Òfin 1976 ní kí a mú 1,000 bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀ kúrò. Òfin 1980 fòpin sí ìmúkúrò náà.

Ní 2011, ilé-ìwòsàn ìjọba tuntun ní Pembury fún gbogbo aláìsàn tó dá dúró síbẹ̀ ní yàrá tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwádìí fi hàn pé ọ̀pọ̀ fẹ́ràn ìbòàṣírí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn àwọn nọ́ọ̀sì pọ̀ sí i, àwọn aláìsàn kan sì ń ṣàárò ẹlòmíràn.

Ní ìparí, owó tí a fi pín yàrá náà ló dá ìjà sílẹ̀, kì í ṣe yàrá fúnra rẹ̀. Bí a bá sì fún gbogbo ènìyàn ní ògiri, ojú tí yóò máa ṣọ́ wọn gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i.