Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn: Ṣé Igi Ni Ó Di Òkúta?

Bí a bá pe nǹkan ní ọ̀pá, igi ni ọkàn máa ń lọ sí. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ fi ń béèrè bóyá igi ni Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Mọ̀pá, Ilé-Ifẹ̀, kí ó tó di òkúta.

Igi a máa di òkúta lóòótọ́. Ní aṣálẹ̀ Maadi, lẹ́bàá Kairo, ènìyàn lè rìn láàárín ìtì igi tí iyanrìn bò mọ́lẹ̀ ní ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 20 ọdún sẹ́yìn. Omi inú ilẹ̀ gbé èròjà òkúta wọ inú wọn díẹ̀díẹ̀, títí òkúta fi rọ́pò igi. Síbẹ̀ fọ́nrán igi ṣì hàn lára wọn. Ìjọba Íjíbítì fi òfin dáàbò bo ibẹ̀ ní 1989.

Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Òkúta akọ ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ga ju mítà 5 lọ, ìṣó irin sì wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó mọ òkúta gbẹ́ àti alágbẹ̀dẹ ni ó ṣe é.

Ní 1910, Leo Frobenius ará Jámánì dé Ifẹ̀, ó ní ará Atlantis ni ó ni iṣẹ́ ọnà ibẹ̀. Bí àwa náà bá ní igi ni ó di òkúta fúnra rẹ̀, a ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn baba wa nìyẹn.