Aṣọ ta ni a ń tọ́jú, aṣọ ta ni a ń jẹ́ kó gbó dànù?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìtàn àkísà la mú wá lónìí. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ti ń kó aṣọ àtijọ́ jọ láti ọjọ́ pípẹ́, tó sì ń fi kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká jọ wo ohun tí wọ́n rí pa mọ́ àti ohun tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà nílé.

Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà ni Rhode Island School of Design, ní ìlú Providence. Nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, Rhode Island ló kéré jù lọ ní ilẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni fífi ẹ̀rọ ran òwú ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Ní ọdún 1790, ní Pawtucket, Samuel Slater fi agbára omi odò yí ẹ̀rọ tó ń ran òwú. Láti ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ aṣọ ti ń pọ̀ sí i létí odò wọn.

Nígbà tó di ọdún 1876, Amẹ́ríkà ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún òmìnira rẹ̀, pẹ̀lú àfihàn ńlá kan ní Philadelphia. Àwọn obìnrin Rhode Island dá owó jọ kí iṣẹ́ tiwọn náà lè hàn níbẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, dọ́là 1,675 ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú ìmọ̀ràn tó wà nílẹ̀ ni pé kí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ omi mímu sí ọgbà ìgbafẹ́ ìlú. Ìyáàfin Helen Metcalf, tí ọkọ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ aṣọ onírun àgùntàn, ní kí wọ́n fi dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Èyí ló borí. Ní ọdún 1877 ni wọ́n dá a sílẹ̀, pẹ̀lú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tirẹ̀, ohun tí àwọn Faransé ń pè ní musée. Ìyáàfin yìí ló ń darí rẹ̀ títí tó fi kú ní ọdún 1895, ọmọbìnrin rẹ̀, Eliza Radeke, sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ fi aṣọ àtijọ́ ṣe? Àwa olùkọ́ mọ ìdáhùn rẹ̀. Ọmọ tí yóò máa ya àwòrán aṣọ fún ilé iṣẹ́ kò lè kọ́ ọ nínú ìwé nìkan. Ó gbọ́dọ̀ rí bí fọ́nrán kan ṣe gba abẹ́ èkejì kọjá, kó wo ẹ̀yìn aṣọ bó ṣe wo iwájú rẹ̀, kó rí ibi tí ẹni tó hùn ún ti já òwú tó sì so ó padà. Ẹni tó hun aṣọ náà lè ti kú láti ẹgbẹ̀rún ọdún. Aṣọ rẹ̀ ṣì ń kọ́ni.

Báyìí ni àkójọ wọn ṣe ń pọ̀ títí ó fi ju 20,000 lọ. Aṣọ tí iyanrìn gbígbẹ pa mọ́ ní Íjíbítì àti ní Peru wà níbẹ̀, síliki ilẹ̀ Faransé náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe odidi ẹ̀wù, àjákù ni. Lucy Aldrich, ọmọ ọlọ́rọ̀ kan ní Providence, fi ẹ̀wù àwọn òṣèré Nō ti ilẹ̀ Jàpáànì ta wọ́n lọ́rẹ ní àwọn ọdún 1930. Ìyá yìí fẹ́ràn aṣọ débi pé ewu kò dí i lọ́nà. Ní ọdún 1923, àwọn ọlọ́ṣà dá ọkọ̀ ojú irin tó wọ̀ dúró ní Ṣáínà, wọ́n sì kó òun àti àwọn èrò mìíràn lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tú u sílẹ̀, kò sì torí rẹ̀ dẹ́kun àtimáa ra aṣọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n yóò béèrè. Ta ló gbin òwú tí ẹ̀rọ Rhode Island ń ran? Àwọn ẹrú ló gbin èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Kó tó dìgbà náà pàápàá, ọkọ̀ ojú omi Rhode Island ti ń wá sí etíkun Áfíríkà ra ènìyàn. Ìrìn àjò wọn ju 900 lọ, àwọn tí wọ́n kó sì ju 100,000 lọ. Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀, bíi ti ìdílé Hazard ní Peace Dale, ń hun aṣọ líle olówó pọ́ọ́kú fún àwọn olóko gúúsù láti fi wọ ẹrú wọn. Orúkọ tí wọ́n sọ aṣọ náà ni “aṣọ àwọn dúdú”. Òwú tí ẹrú gbìn lọ sí àríwá, aṣọ ẹrú sì padà sí gúúsù.

Wọ́n hun aṣọ yìí lọ súà, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló ṣẹ́ kù lónìí. Ẹni tó wọ̀ ọ́ wọ̀ ọ́ títí ó fi já tán lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó rò pé ó yẹ ní títọ́jú. Síliki ọlọ́rọ̀ wà nínú àpótí, aṣọ ẹrú ti di ilẹ̀. Ohun tí àkójọ aṣọ kò ní náà ń sọ ìtàn.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ilé wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilẹ̀ Faransé dá ohun 26 padà fún orílẹ̀-èdè Benin, ohun tí ọmọ ogun Ọ̀gágun Dodds kó ní Abomey. Gbogbo wa sọ̀rọ̀ nípa ère àti ìtẹ́ ọba. Ṣùgbọ́n òfì ìhunṣọ kan wà nínú wọn, ìrànwú kan wà níbẹ̀, ṣòkòtò ọmọ ogun kan náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ mọ ohun tí ọmọ ogun Dàhòmì fi ojú ìlú yín rí ní ọdún 1886. Ó dára pé ṣòkòtò náà padà wálé. Ìtàn ni, a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ nù. Aṣọ tí ìyá kan ní Kétu fi pọn ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Èyí tó lọ ti lọ. Èyí tó wà nínú àpótí ìyá wa àgbà ló kù tí a lè ṣe nǹkan sí: kíjìpá, òfì, àdìrẹ ẹlẹ́lùú. A kò sọ pé kí ẹ má fi aṣọ rere sin òkú yín, ẹ̀yẹ wọn ni. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan yan aṣọ kan ṣoṣo tí wọn kò ní gé, tí wọn kò ní tà. Ẹ má sá a sóòrùn fún ìgbà pípẹ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń pa aró. Ẹ má ká a sí ojú kan náà lọ́dọọdún, ibẹ̀ ni yóò ti ya. Ẹ ká a róbótó bí ẹní. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ta ló hùn ún, ta ló wọ̀ ọ́, ọjọ́ wo ni wọ́n wọ̀ ọ́? Aṣọ tí kò ní orúkọ yóò di àkísà lásán lọ́jọ́ tí ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀ bá kú. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ fún àwọn ọmọ kíláàsì yín níṣẹ́ yìí ní ìsinmi tó ń bọ̀: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi ìyá àgbà rẹ̀ nípa aṣọ kan.

Dọ́là 1,675 tó ṣẹ́ kù ni àwọn obìnrin Providence fi bẹ̀rẹ̀. Àwa lè fi ìwé kan àti kálàmù kan bẹ̀rẹ̀. Aṣọ wo ló pẹ́ jù nílé yín, ta ló sì ni ín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí kí gbogbo wa kà á. Ire o.