Ẹgbẹ́ Akọrin àti Ẹgbẹ́ Sáyẹ́ǹsì ní Àwọn Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Ilẹ̀ Yorùbá

Bí a bá fẹ́ sọ oore tí ilé-ẹ̀kọ́ girama ṣe fún ènìyàn, ìwé ẹ̀rí ni a sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi àgbàlagbà kan tí ó ti jáde ilé-ìwé láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ó lè ti gbàgbé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi pàṣán kọ́ ọ. Kò ní gbàgbé ohùn tí ó ń gbè nínú ẹgbẹ́ akọrin. Kò sì ní gbàgbé ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀kán omi adágún, tí ó rí àwọn ẹ̀dá tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn agogo ìparí ẹ̀kọ́ ni irú nǹkan wọ̀nyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ òbí ṣe ń pè é ní eré, tí àwọn mìíràn sì gbà pé ọmọ tí ó fẹ́ràn orin kò lè já mọ́ nǹkan nínú ìṣirò. Ìtàn ilẹ̀ wa kò jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni orin àti sáyẹ́ǹsì gbà wọlé tọ̀ wá wá.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1859 ni Àlùfáà Thomas Babington Macaulay ṣí CMS Grammar School ní Èkó pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà péré. Òun ni ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ní 1866, àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Academy. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni baba ìsàlẹ̀ rẹ̀, J. A. Otunba Payne sì ni ààrẹ rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà àti sáyẹ́ǹsì ni wọ́n jọ fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Ẹ wo ọgbọ́n àwọn baba wa: wọn kò kọ́ ilé kan fún orin kí wọ́n tún kọ́ òmíràn fún ìmọ̀.

Èso irú ìrònú bẹ́ẹ̀ kò pẹ́ kí ó tó hàn. Herbert Macaulay, ọmọ olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí a bí ní 1864, kàwé níbẹ̀. Ní 1890 ó lọ sí ìlú Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì padà ní 1893, ó ń ṣe iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí olóṣèlú. Díẹ̀ ni ó rántí pé ó mọ fayolíìnì ta dáadáa. Ọwọ́ kan náà ni ó fi ń di ohun ìwọnlẹ̀ mú, òun náà ni ó fi ń ta fayolíìnì.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ìlú òkè ń dá ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀: Abẹ́òkúta ní 1908, Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú-Òde ní 1913, Oǹdó ní 1919. Orin ni ó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú wọn, nítorí pé kò gba owó púpọ̀. Dùùrù kan tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, pátákó tí a kọ dò-rè-mí sí, àti ọ̀fun àwọn ọmọ: ó ti tó. Àwọn onífèrè àti onílù ilé-ẹ̀kọ́ ni í ṣíwájú nígbà tí àwọn ọmọ bá ń yan ní Ọjọ́ Ẹ́ḿpáyà, ní 24 oṣù karùn-ún.

Ìṣòro kan wà nínú orin náà. Ohùn orin òyìnbó ni a fi ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Èdè wa sì rèé, ohùn ni ó fi ń ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́, tí ó sì ń ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀kọ̀. Bí orin bá ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ á dàrú. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí ó gbé ayé láti 1855 sí 1930, wà lára àwọn tí ó wá ojútùú sí i. Ó fi ohùn orin ilẹ̀ wa gbé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ jáde, a sì gba orin rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ní 1953, T. K. E. Phillips, atẹdùùrù àgbà ní Èkó, tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá.

Lábẹ́ Phillips yìí ni Fela Sowande ti kọrin ní ọmọdé. Ní 1905 ni a bí i, ó sì kàwé ní King's College ní Èkó. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó torí rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí 1934. Orin ni ó padà gbájú mọ́, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ nídìí rẹ̀.

Ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì pẹ́ kí ó tó dé. Ìgò, òṣùwọ̀n àti oògùn ìdánwò kò ṣeé fi ọ̀fun ṣe, akọ̀wé àti olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sì ń wá. Síbẹ̀, ọ̀run fúnra rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kan. Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1947, òṣùpá bo oòrùn lójú, ọ̀sán sì dòru. Títí di òní, àwọn kan ń fi ọjọ́ náà ka ọjọ́ orí. Ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ lè fi ọsàn mẹ́ta ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò bẹ̀rù mọ́.

Ìgbìmọ̀ Ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dìde ní 1952, Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì tí a ń pè ní STAN sì dìde ní 1957. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Rọ́ṣíà fi Sputnik ránṣẹ́ sí òfuurufú. Ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì wá di ohun iyì. Wọ́n ń kó labalábá jọ, wọ́n ń so agogo oníná, wọ́n ń wọn òjò. Ẹgbẹ́ JETS tẹ̀ lé e ní ìgbà tí ó yá.

Ilé kan ní Abẹ́òkúta fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí hàn. Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ọmọ J. J., jẹ́ ọ̀gá Abeokuta Grammar School láti 1932 sí 1954. Ọmọ rẹ̀ Olikoye di dókítà, ó sì jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992. Beko náà di dókítà. Fela lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Ìṣègùn ni a rò pé yóò kọ́, orin ni ó yàn. N kò sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ó ṣe èyí. Ohun tí mo ń sọ ni pé níbi tí a kò bá ti ti ilẹ̀kùn kan, ọmọ á lè wọ èyí tí ó bá tirẹ̀ mu.

Ẹ wo gángan. Bí onílù bá fún ọsán rẹ̀ pọ̀, awọ á le, yóò máa gbọ̀n kánkán, ohùn rẹ̀ á sì lọ sókè. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni èyí, orin sì ni. Ìlù kan ṣoṣo lè kó ẹgbẹ́ méjèèjì jọ sínú yàrá kan.

Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ikán ti jẹ dùùrù, kọ́bọ́ọ̀dù sáyẹ́ǹsì kò sì ní ṣí títí ìdánwò yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwa ọmọ ìlú ti kọ́ ẹnu ọ̀nà, a ti kọ orúkọ wa sí ara ògiri. Ó dára. Ṣùgbọ́n owó ẹnu ọ̀nà kan lè san owó olùkọ́ orin fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkèèrè, awò kan ṣoṣo tí ẹ bá fi ránṣẹ́ yóò la ojú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì sílé, wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni a ń tọrọ.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ ọmọ náà tán, kí ó tó máa kọ́ ilé.