Akọni àti Ìṣẹ́jú Ìkẹyìn

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàrin àwọn Yorùbá pé ọjọ́ tí ogun bá le gan-an ni a ń mọ ẹni tí ń jẹ́ akọni. Ìgbàgbọ́ yìí kò mọ sí ojú ogun nìkan. Ní pápá ìṣeré pẹ̀lú, nígbà tí àmì ayò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba tí àkókò sì ń tán lọ, ojú gbogbo òǹwòran a yí sí ara ẹnì kan ṣoṣo. Wọn a ní òun ni yóò gbà wọ́n. Bí ó bá gbà wọ́n, a di ìtàn. Bí kò bá gbà wọ́n ńkọ́? Ìyẹn ni ìbéèrè tí ó yẹ kí á gbé yẹ̀ wò: ṣé lóòótọ́ ni àwọn ìlúmọ̀ọ́ká eléré máa ń yàtọ̀ ní ìṣẹ́jú ìkẹyìn, tàbí ìrántí ọmọ aráyé ni ó ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ fún wọn?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Èkìtì. Láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, títí dé Ìdó, bí a bá dárúkọ ogun Kírìjì, orúkọ méjì ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn: Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí, ẹni tí ó kọ̀yà ìjẹgàba àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní ọdún 1878, àti Ògèdèǹgbé ará Iléṣà, ẹni tí ó wá di balógun àgbà fún àwọn Èkìtì Parapọ̀. Akọni ni àwọn méjèèjì, kò sí àríyànjiyàn nínú èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn náà fínnífínní, a ó rí i pé àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé ní Èkó ni wọ́n ń wá ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Ìró ìbọn tí ń dún lóju ogun náà ni a sì gbọ́ pé ó bí orúkọ Kírìjì fúnra rẹ̀. Síwájú sí i, kò sí ọ̀kan nínú àwọn akọni ìhà méjèèjì tí ó dá ogun náà parí. Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn kú sí ibùdó ogun ní ọdún 1885. Ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 ni ó dá ìjà dúró, ó sì di ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá.

Nínú eré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí a ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n tí a so mọ́ òrùka irin lókè, ọmọ Yorùbá kan wà tí a lè fi ìtàn rẹ̀ wọn ọ̀rọ̀ yìí. Hakeem Ọlájuwọ́n ni. Èkó ni a bí i sí ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1963. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ni ó ń gbá kí ó tó pàdé bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ Mùsùlùmí ní Èkó. Ní ọdún 1980 ó kọjá sí Yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ó sì di ọdún 1984, òun ni ẹgbẹ́ Houston Rockets kọ́kọ́ mú ṣáájú gbogbo ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tó kù. Michael Jordan, tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé lẹ́yìn náà, ipò kẹta ni wọ́n mú un sí lọ́dún náà.

Àwọn tí ó gbà pé akọni ìṣẹ́jú ìkẹyìn ni Ọlájuwọ́n kò ṣàìní ẹ̀rí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1994, Rockets ń bá ẹgbẹ́ New York Knicks jìjàdù fún ipò aṣáájú. Nínú ìpàdé kẹfà, Rockets fi àmì 86 síwájú 84, ó sì ku ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. John Starks gbé bọ́ọ̀lù sókè láti òkèèrè, níbi tí jíjù kan ti ń mú àmì mẹ́ta wá. Bí bọ́ọ̀lù yẹn bá wọlé, ife ti bọ́ lọ nìyẹn. Ọlájuwọ́n na ọwọ́, orí ìka rẹ̀ sì kan bọ́ọ̀lù náà, kò dé ibi tí à ń rán an. Ní ọjọ́ kẹta sí i, Rockets borí pẹ̀lú àmì 90 sí 84. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, nínú ìpàdé àkọ́kọ́ pẹ̀lú Orlando Magic, òun náà ni ó fọwọ́ ti bọ́ọ̀lù tí ó ta padà sínú àwọ̀n nígbà tí àfikún àkókò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àmì 120 sí 118 ni eré náà parí sí.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kì í tán lẹ́nu ẹnì kan. Àwọn tí ń jiyàn máa ń padà sí ọdún 1983, nígbà tí Yunifásítì Houston pàdé North Carolina State nínú àṣekágbá àwọn yunifásítì. Ọlájuwọ́n kó àmì 20, ó sì gba bọ́ọ̀lù tí ó ta padà nígbà 18, síbẹ̀ Lorenzo Charles ti bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá tí ó kẹ́yìn, Houston sì pàdánù pẹ̀lú àmì 52 sí 54. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé Ọlájuwọ́n tí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù yìí gan-an ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹni tí ó ta yọ jù lọ. Ẹ̀rí kejì tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1986, nígbà tí Rockets ń wá ọ̀nà àti lé Los Angeles Lakers jáde nínú ìdíje, rẹfirí ti lé Ọlájuwọ́n kúrò nínú eré nítorí ìjà. Kò sí lórí pápá rárá nígbà tí Ralph Sampson gba bọ́ọ̀lù, tí ó yí ara padà, tí ó sì jù ú wọlé bí àkókò ti ń tán. Rockets borí pẹ̀lú àmì 114 sí 112. Akọni kò sí níbẹ̀, ogun sì ṣẹ́.

Bí a bá tún yẹ eré Orlando wò, a ó rí i pé okùn ìtàn náà gùn ju orí ìka ọwọ́ ẹnì kan lọ. Kí àfikún àkókò tó dé, Nick Anderson ti Orlando ti ní ànfààní jíjù ọ̀fẹ́ mẹ́rin, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́. Kò sí ọ̀kan tí ó wọlé. Lẹ́yìn èyí ni Kenny Smith ju bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta tí ó mú kí àmì ayò dọ́gba. Bí Anderson bá ti ju ẹyọ kan ṣoṣo wọlé, tàbí bí ti Smith bá ta padà, kò ní sí ohun tí Ọlájuwọ́n yóò fọwọ́ tì.

Níbí ni ọ̀ràn ìṣirò ti wọ̀ ọ́. Àwọn tí ń ṣe àkọsílẹ̀ fún NBA, líìgì àgbàwọlé owó ti Amẹ́ríkà, a máa ka ìṣẹ́jú 5 tí ó kẹ́yìn sí àkókò ìpọ́njú, bí ìyàtọ̀ àmì kò bá ju 5 lọ. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nínú ọdún ẹnì kan. Ohun tí kò sì pọ̀, oríire àti àgbákò lè yí i sọ́tùn-ún sósì. Bákan náà, àmì méjì tí a jù wọlé ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kò kéré sí àmì méjì ti ìṣẹ́jú ìkẹyìn. Ojú ènìyàn ni ó fi ọ̀kan ṣe wúrà, tí ó fi èkejì ṣe bàbà.

Ṣé kí á wá sọ pé irọ́ ni akọni? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí á wo ìpàdé kẹta ti ọdún 1994 ní New York. Knicks ni ó wà níwájú pẹ̀lú àmì méjì, àkókò sì ti ń lọ sópin. Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Ọlájuwọ́n, àwọn ọ̀tá sì ṣù bò ó. Kò fi agídí jù ú. Ó fi ránṣẹ́ sí Sam Cassell, ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ náà lọ́dún yẹn, Cassell sì jù ú wọlé fún àmì mẹ́ta. Àmì 93 sí 89 ni Rockets fi borí. Ìwé àkọsílẹ̀ sọ pé Cassell ni ó jù ú. Kò sọ pé ìbẹ̀rù Ọlájuwọ́n ni ó tú ojú ọ̀nà sílẹ̀ fún un.

Ohun tí ìtàn fi hàn nìyẹn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Akọni a máa wúlò ní àkókò ìpọ́njú, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé agbára kan tí kò ní tẹ́lẹ̀ bà lé e. Ohun tí ó ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ń ṣe lọ, àwọn tó kù sì ń rí àyè ṣe tiwọn lábẹ́ òjìji rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Kírìjì, tí ó fi mọ sí orúkọ méjì, ti fi àwọn tí ó gbé ìbọn láti Èkó wá, àwọn tí ó ro oko tí ogun ń jẹ, àti àwọn tí ó jókòó ti ọ̀rọ̀ àlàáfíà, sílẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èyí tí ó bá sì ń fi wákàtí mẹ́ta ìdánwò nìkan ṣe òṣùwọ̀n ọmọ tí ó fi ọdún márùn-ún kẹ́kọ̀ọ́, ìṣẹ́jú ìkẹyìn ni òun náà ń wò, kò wo eré.