Ojúlùmọ̀ àti Alábàárò: Ìtàn Ẹgbẹ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

"Ènìyàn ni aṣọ." Báyìí ni àwọn baba wa máa ń wí, kò sì sí ọmọ Yorùbá kan tí yóò ja ọ̀rọ̀ náà níyàn. Ṣùgbọ́n aṣọ a máa kún inú àpótí, kí ọyẹ́ sì máa mú ẹni tí ó ni ín. Nítorí náà ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pé: irú ènìyàn wo ni aṣọ, irú èwo ni ó sì jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ lásán ni ó wà lọ́wọ́ wa?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi mọ ohun tí ó mú mi béèrè. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń sún mọ́ ìdánwò àṣekágbá, ìmọ̀ràn tí tàgbà tèwe máa ń fún un ni pé kí ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní LinkedIn, ilé ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó gbọ́, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ọdún tó yí po, ó ti ní ojúlùmọ̀ 500. Ó wá parí ẹ̀kọ́, ó wá iṣẹ́ títí, kò rí. Ó kọ̀wé sí àwọn 500 náà, bóyá ni ẹni méjì tàbí mẹ́ta fi dá a lóhùn. Ṣé irọ́ ni ìmọ̀ràn náà ni? Rárá o. Bí a bá tọ ìtàn irú ilé ìpàdé bẹ́ẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, a ó rí i pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a dà pọ̀ mọ́ra wọn, tí a sì ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè.

Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1973, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Mark Granovetter, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwádìí nípa àjọgbé ẹ̀dá, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde lórí agbára tí ń bẹ nínú àjọṣe tí kò le. Ó ti lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ ní ìlú Newton ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ó sì ti bi wọ́n bí wọ́n ṣe gbọ́ nípa iṣẹ́ tuntun náà. Púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ pé ẹnìkan ni ó ta wọ́n lólobó. Nígbà tí ó tún bi àwọn wọ̀nyí bí àwọn àti ẹni náà ṣe máa ń ríra tó, èsì wọn ya ni lẹ́nu. Nínú 100, àwọn tí wọ́n ń rí ẹni náà lemọ́lemọ́ kò tó 17. Àwọn tí ó lé ní 55 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn bíi 28 tí ó kù kì í rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, bí wọ́n bá tilẹ̀ rí i.

Bí a bá rò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti yé ni. Ọ̀rẹ́ kòríkòsùn rẹ, ohun tí ìwọ mọ̀ ni òun náà mọ̀; ibi tí o ti gbọ́ ìròyìn ni òun náà ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ jọ ń kí ara yín lójú ọ̀nà nìkan, àgbàlá mìíràn ni ó ń gbé, ohùn tí kò dé etí rẹ sì ń dé etí tirẹ̀. Nítorí náà ojúlùmọ̀ kì í ṣe ohun ìfojúdi. Òun ni ilẹ̀kùn sí ibi tí ẹsẹ̀ ẹni kò dé rí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ nìkan kọ́ ni ènìyàn ń wá láyé. Nígbà tí àìsàn bá dé lóru, nígbà tí a bá lé ni kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí ọkàn bá rẹ̀wẹ̀sì, ta ni yóò dáni lóhùn? Èyí ni ó mú wa dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan tí Stewart Brand àti Larry Brilliant dá sílẹ̀ ní ọdún 1985 ní ìlú Sausalito, ní ìpínlẹ̀ California. The WELL ni wọ́n ń pè é. Wáyà tẹlifóònù ni àwọn ènìyàn fi ń so kọ̀ǹpútà ilé wọn mọ́ kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, tí àwọn ẹlòmíràn sì ń fèsì. Kì í ṣe ọ̀fẹ́: dọ́là 8 ni owó oṣù, dọ́là 2 sì ni owó wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Èkíní, kò sí ẹni tí ó lè fi ara pamọ́: ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ ọ̀rọ̀, àwọn yòókù lè wá orúkọ rẹ̀ gan-an rí. Èkejì, òfin wọn ni pé oníkálùkù ni ó ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, rere tàbí búburú tí ó bá sì ti inú rẹ̀ yọ, òun ni yóò rù ú. Ẹ̀kẹta, àwọn tí ń bójú tó ilé náà, bíi John Coate àti Cliff Figallo, ti gbé pọ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún ní abúlé kan ní Tennessee tí a ń pè ní The Farm, níbi tí àwọn ará ibẹ̀ ti jọ ń ni ohun gbogbo ní àpapọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ènìyàn kò lè máa fi lẹ́tà nìkan di ọ̀rẹ́. Nítorí náà wọ́n ń ṣe àpèjẹ ní ọ́fíìsì wọn, kí àwọn tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà lè jọ jẹun, kí wọ́n sì rí ojú ara wọn.

Kí ni ó ti ibẹ̀ jáde? Howard Rheingold, òǹkọ̀wé kan tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà, sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ The Virtual Community tí ó jáde ní ọdún 1993. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, òun àti ìyàwó rẹ̀ rí eégbọn tí ó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó ní orí ọmọbìnrin wọn tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Ìyá ọmọ mú tẹlifóònù, ó ń wá dókítà. Bàbá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó kọ ọ̀rọ̀ náà síbi tí àwọn òbí ti máa ń sọ̀rọ̀ ní The WELL. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, dókítà kan tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ti sọ bí wọn yóò ṣe yọ ọ́. Bàbá ti yọ eégbọn náà tán kí ilé ìwòsàn tó pe ìyá padà.

Àwọn tí wọ́n bá dàgbà ní oko yóò rántí àárò. Ẹni tí ó bá bá ẹlòmíràn roko lónìí ni ẹlòmíràn yóò bá roko lọ́la. Ẹni tí ó bá sì ń sá fún oko ọmọnìkejì, òun nìkan ni yóò dá ro tirẹ̀. Bí The WELL ti rí nìyẹn. Dókítà náà kò gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n bí òun náà bá béèrè ohun kan lọ́la, a ó rí ẹni dá a lóhùn. Èmi kò sọ pé ilé àlàáfíà ni. Ìjà pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kòbákùngbé sì pọ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ náà ti ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, nígbà tí wọ́n fẹ́ tà á ní ọdún 2012, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ni wọ́n dáwó jọ tí wọ́n fi dọ́là 400,000 rà á. A kì í náwó bẹ́ẹ̀ sórí ohun tí a kò fẹ́ràn.

Nísinsìnyí a dé orí LinkedIn. Reid Hoffman àti àwọn mẹ́rin mìíràn ni wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ nínú yàrá àlejò Hoffman ní ìparí ọdún 2002, wọ́n sì ṣí i fún aráyé ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2003. Nígbà tí oṣù kan fi pé, 4,500 ènìyàn ni ó wà níbẹ̀. Ìlànà rẹ̀ ní ìgbà náà bá ọgbọ́n Granovetter mu gan-an. Bí o bá fẹ́ bá ẹni tí o kò mọ̀ sọ̀rọ̀, ojúlùmọ̀ rẹ tí ó mọ̀ ọ́n ni yóò mú ọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojúlùmọ̀ náà dà bí onígbọ̀wọ́: bí o bá hùwà burúkú, ojú rẹ̀ ni yóò tì. Èyí kì í ṣe The WELL. Kò sí ẹni tí ó ṣèlérí àpèjẹ tàbí ìtọ́jú ọmọ. Ilẹ̀kùn ni wọ́n kọ́. Wọn kò pe ara wọn ní ilé.

Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi iye díwọ̀n, iye ni a ó máa lépa. Ní ọdún 2011 tí LinkedIn bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín rẹ̀ fún aráyé, iye àwọn ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ ti kọjá 100 mílíọ̀nù. Ní 2012 wọ́n dá àṣà kan sílẹ̀: bí o bá ti tẹ bọ́tìnì kan péré, o ti jẹ́rìí pé ẹnìkan mọ iṣẹ́ kan ṣe. Kò pẹ́ tí àwọn tí kò rí iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn rí fi ń jẹ́rìí ara wọn. Ẹ̀rí tí kò ná ni ní nǹkan kan, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ẹjọ́ sì délẹ̀ pẹ̀lú: àwọn kan ní ilé iṣẹ́ náà ń fi orúkọ àwọn ránṣẹ́ léraléra sí àwọn tí wọ́n mọ̀, láti fi pè wọ́n wọlé. Ní 2015, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san dọ́là mílíọ̀nù 13 láti fi parí ẹjọ́ ọ̀hún. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Microsoft rà á ní dọ́là bílíọ̀nù 26.2. Ní ìparí ọdún 2023 iye àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ti di bílíọ̀nù kan.

Ṣé Granovetter wá ṣì jàre? Ní ọdún 2022, àwọn ọ̀mọ̀wé kan tẹ ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Odindi ọdún márùn-ún ni ilé iṣẹ́ náà fi yí irú ènìyàn tí ó ń fi han àwọn tí ó lé ní 20 mílíọ̀nù padà, láti wo irú ojúlùmọ̀ tí ń múni rí iṣẹ́. Ẹni tí ó jìnnà díẹ̀ ni ó wúlò jù: kì í ṣe kòríkòsùn, kì í sì í ṣe àjèjì pátápátá. Ọ̀mọ̀wé náà jàre. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn kan náà ni ẹ̀kọ́ mìíràn wà: àwọn 20 mílíọ̀nù náà kò mọ̀ pé a ń dán àwọn wò. Nínú ẹgbẹ́ tòótọ́, a kì í fi ọmọ ẹgbẹ́ dánrawò láìsọ fún un.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ wa já sí? Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ẹni tí ó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ kò gbọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni pé ojúlùmọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ alábàárò, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a bínú sí i pé kò ṣe é. Alábàárò, àwa ni a ní láti fi ọwọ́ ara wa kọ́ ọ, bóyá nínú ilé kan náà yẹn, ṣùgbọ́n lọ́nà tí àwọn ará Sausalito gbà kọ́ tiwọn. Kí ènìyàn bíi mẹ́wàá tàbí ogún tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà kó ara wọn jọ. Kí wọ́n máa lo orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n. Kí ẹni tí ó mọ̀ dá ẹni tí kò mọ̀ lóhùn kí òun náà tó béèrè. Kí wọ́n má jẹ́rìí ohun tí ojú wọn kò rí. Bí àyè bá sì yọ, kí wọ́n jọ jẹun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtijáde ní ọdún yìí, bí ẹ bá ṣí ìwé orúkọ yín lálẹ́ òní, ẹ má ṣe ka iye tí ó wà níbẹ̀. Ẹ wá ẹnìkan tí ó béèrè ohun kan tí ẹ mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá lóhùn, kí ẹ sì dá a lóhùn. Oko àárò tí a bá kọ́kọ́ lọ kì í ṣe tiwa. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ṣe ń di aṣọ, kí ọyẹ́ tó dé.