Orin Kan Náà Ni, Àbí Òun Kọ́?

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ọ́ fún àwọn tó ń gbọ́ orin jáàsì, ẹ ó rí i pé olúkúlùkù ló máa búra fún yín pé ọ̀nà tòun nìkan ló dé ọjà. Ìjà tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í ṣe ìjà àdá àti kùmọ̀. Ìjà etí ni. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ti ń jà á, wọn ò sì tíì parí ẹ̀. Ohun tó dá a sílẹ̀ ò ju ìbéèrè kékeré kan lọ: bí olórin bá mú orin tí gbogbo ayé ti mọ̀, ṣé kó kọ ọ́ bí a ṣe mọ̀ ọ́n ni, àbí kó sọ ọ́ di nǹkan míì?

Irú orin bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníjáàsì ń pè ní standard. Kí n là á yé ẹni tí ò mọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé eré orí ìtàgé ní Broadway, ní ìlú New York, ni wọ́n kọ́kọ́ kọ wọ́n fún, tàbí fíìmù, láti nǹkan bí ọdún 1920 sí 1950. Àwọn tó kọ wọ́n, irú Richard Rodgers, kì í ṣe oníjáàsì bíi ti Louis Armstrong. Ìgbà tí ìlú ti gba orin náà tán ni àwọn oníjáàsì mú un, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n tún un tò. Ó wá di orin àjùmọ̀lò. Olórin mẹ́rin tí wọn ò pàdé rí lè bọ́ sórí ìtàgé lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹnì kan dárúkọ orin, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láìṣe ìdánrawò kankan.

Ọdún 1939 ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀. Coleman Hawkins ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Yúróòpù dé lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹwàá, ó wọ sítúdíò ní New York, ó fi sasofóònù rẹ̀ fọn "Body and Soul", orin tí Johnny Green ṣe ohùn rẹ̀ ní 1930. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn orin náà fìrí, bí ẹni tó yọjú lójú fèrèsé. Lẹ́yìn ìyẹn Hawkins ti lọ nìyẹn, kò sì padà sí ohùn náà mọ́ títí rẹ́kọ́ọ̀dù fi parí. Kọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ orin náà nìkan ló dì mú, orí wọn ló ti ń dárà. Ìyanu ibẹ̀ ni pé rẹ́kọ́ọ̀dù náà tà wàràwàrà. Àwọn tó sì ń rà á kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n o, ará ìta ni wọ́n, àwọn tó ń ju owó wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀rọ olórin nílé ọtí. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé mẹ̀kúnnù ò mọ̀ ju ohùn orin bó ṣe wà lọ, ẹ ní kó lọ bá Hawkins.

Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká fi ìlù bò ó. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ẹni tó ṣe ohùn orin ni owó òǹkọrin ń lọ bá nígbàkígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù bá tà. Ẹni tó dárà lé e lórí, tó jẹ́ pé torí dárà ẹ̀ gan-an la ṣe ra rẹ́kọ́ọ̀dù, kò ní ìpín níbẹ̀. Hawkins ò kọ ju ìlà bíi mélòó kan lọ nínú ohùn Johnny Green, ṣùgbọ́n Green ni òfin mọ̀. Òfin yìí kan náà ní ihò kan: kò dáàbò bo bí kọ́ọ̀dù ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Àwọn ọ̀dọ́ oníbẹ́bọ́ọ̀pù rí ihò náà ní àwọn ọdún 1940, wọ́n sì gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n á mú orin àtijọ́, wọ́n á yọ ohùn rẹ̀ dànù, wọ́n á fi kọ́ọ̀dù rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á gbé ohùn tuntun lé e, wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ. "How High the Moon" di "Ornithology". "I Got Rhythm" ti Gershwin, ọmọ tó bí báyìí ò lóǹkà.

Ní ọjọ́ 26, oṣù kọkànlá, 1945, Charlie Parker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní sítúdíò fún ilé iṣẹ́ Savoy. Wọ́n fẹ́ gba "Ko-Ko" sílẹ̀, orin tí wọ́n gbé ka kọ́ọ̀dù "Cherokee", orin Ray Noble, òyìnbó Ìlú Ọba. Nígbà àkọ́kọ́, ohùn "Cherokee" gan-an ló jáde lẹ́nu fèrè. Kíá ni ẹnì kan súfèé, wọ́n sì dá wọn dúró. Ìdánudúró yẹn wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù títí dòní, ẹ lè gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé owó òǹkọrin ni wọn ò fẹ́ san. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, kò sí "Cherokee" mọ́ létí, àfi fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń rí orin àtijọ́ nínú tuntun bí ìgbà téèyàn bá rí ojú ìyá lára ọmọ. Àwọn kan ò ní ojú yẹn, wọ́n sì ń bínú pé àwọn ọmọ yìí ò kọ orin gidi mọ́.

Orin tó bá ọ̀rọ̀ mi mu jù ni "My Favorite Things". Rodgers àti Hammerstein ló kọ ọ́ fún eré The Sound of Music, tó bẹ̀rẹ̀ ní Broadway ní oṣù kọkànlá, 1959. Nínú fíìmù 1965 ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ ọ́n, níbi tí Julie Andrews ti ń kọ ọ́ fún àwọn ọmọdé nígbà tí ààrá ń sán. Orin ọmọdé pọ́nńbélé. Ṣùgbọ́n kí fíìmù yẹn tó jáde rárá, ní ọjọ́ 21, oṣù kẹwàá, 1960, John Coltrane ti gbé e wọ sítúdíò, pẹ̀lú McCoy Tyner nídìí dùùrù, Steve Davis nídìí béèsì, àti Elvin Jones nídìí ìlù. Sasofóònù kékeré ló mú dání, soprano, èyí tó gùn tààrà tó sì máa ń ké bí algaita àwọn Hausa.

Ohun tó ṣe níbẹ̀ rọrùn-ún sọ, kò rọrùn-ún ṣe. Ó kọ ohùn orin náà ketekete, kò yí i po. Ṣùgbọ́n tó bá ti kọ ọ́ débi kan, dípò kó máa bá orin lọ, ó dúró síbẹ̀. Tyner ń lu kọ́ọ̀dù méjì péré, ó ń lọ ó ń bọ̀, bí ìyá tó ń mi ọmọ lẹ́yìn, Coltrane sì ń dárà lórí rẹ̀ bó ṣe wù ú. Apá ìparí orin náà, níbi tí ọ̀rọ̀ ti kọjá sí ìbànújẹ́ kó tó di ìtùnú, kò fọwọ́ kàn án àfi ìgbà tó fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ lé ní ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Àwo náà jáde ní 1961, ó sì tà gan-an. Ẹni tó fẹ́ ohùn orin rí ohùn, ẹni tó fẹ́ dárà rí dárà. Mo rò pé òun ni ìgbà ìkẹyìn tí ìhà méjèèjì jọ jókòó sórí àga kan.

Torí kí ọdún yẹn tó parí, etí ti pín. Nínú ìwé ìròyìn DownBeat ti ọjọ́ 23, oṣù kọkànlá, 1961, John Tynan kọ̀wé nípa Coltrane àti Eric Dolphy tó gbọ́ ní Hollywood. Ó pe ohun tí wọ́n ń fọn ní "anti-jazz", ìyẹn ni pé ọ̀tá jáàsì ni. Ó ní àwọn tó wà nídìí ìlù àti béèsì mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ń ṣòfò lẹ́yìn àwọn afọnfèrè méjì yìí. Ní oṣù kẹrin, 1962, ìwé ìròyìn náà fún àwọn méjèèjì láyè láti fèsì. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ràn láti fi Tynan ṣẹ̀sín. Èmi ò sí níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni yẹn kì í ṣe òpè, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa gbọ́ jáàsì. Ó mọ ohun tó wù ú, kò sì gbọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ wá wo ohun tí Coltrane ṣe. Ní 1963, àwo rẹ̀ kan jáde tí wọ́n pè ní Ballads: orin àtijọ́ mẹ́jọ, jẹ́jẹ́, ohùn wọn gbangba, dárà ò pọ̀. Ọdún yẹn kan náà ló bá Johnny Hartman, akọrin, ṣe òmíràn tó tutù bí omi àmù. Ọkùnrin kan náà tí wọ́n ní ó ń ba jáàsì jẹ́ rèé o!

Àwo Ballads yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ ní yàrá wa. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ Òfin, òun ló fi ń kàwé lóru. Ó ní gbogbo èyí tó gùn yẹn, ariwo ọjà ni. Ẹnì kejì, ọmọ Físíìsì, ní Ballads kì í ṣe orin, oògùn oorun ni. "Tó bá jẹ́ ohùn orin bó ṣe wà ni mo fẹ́, ṣé mi ò ní lọ gbọ́ Ella ni? Ó kéré tán, òun á kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ fún mi." Lọ́yà wa fèsì pé ẹni tí ò lè kọ orin kan tààrà, a ò lè mọ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n kọ. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọn ò jọ jẹ ẹ̀bà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Tèmi ni pé ohun tó wuni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Oríṣi "My Favorite Things" márùn-ún ló wà lórí fóònù mi, ti 1960 sì ni mo máa ń gbọ́ jù. Mo fẹ́ràn kí n gbọ́ ohùn orin, mi ò tijú ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo sọ fún Lọ́yà pé ohùn tó fẹ́ràn yẹn náà ni ọmọ Físíìsì ń fi wọn ọ̀nà. Tí èèyàn ò bá mọ ilé, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé olórin ti rìn jìnnà? Ká ní orin tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí ni Coltrane mú, kò sẹ́ni tó máa bínú sí i, kò sì sẹ́ni tó máa fò sókè.

Fela tiwa náà mọ̀ nípa èyí. London ló lọ kọ́ orin ní 1958, jáàsì sì wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó di ọ̀gá ara ẹ̀, ó fòfin lélẹ̀: orin tó bá ti wọ rẹ́kọ́ọ̀dù, kò ní kọ ọ́ lórí ìtàgé mọ́. Ẹ lè máa pariwo orúkọ orin títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ní ti ìyẹn, ó le ju Coltrane lọ.

Ní Amẹ́ríkà, ìjà ò dáwọ́ dúró. Miles Davis pa orin àtijọ́ tì bí ọdún 1970 ṣe ń wọlé. Ní oṣù kìíní, 1983, Keith Jarrett, tó ti bá Miles ṣiṣẹ́ rí, kó Gary Peacock àti Jack DeJohnette jọ láti máa kọ standard, wọ́n sì ṣe é títí di 2014. Inú àwọn kan dùn pé ilé ti tún padà di ilé. Àwọn míì ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ni. Ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ àwọn orin yìí, The Real Book, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Berklee ní Boston ló fọwọ́ kọ ọ́ ní àwọn ọdún 1970, wọ́n ń tà á lábẹ́lẹ̀ láìsan owó fún olórin kankan. Fọ́tókọ́pì ni, bí èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí. 2004 ló tó di ti òfin. Ní 2022, Terri Lyne Carrington gbé ìwé tiẹ̀ jáde, orin 101, obìnrin ló kọ gbogbo wọn, torí pé nínú ìwé ti àtijọ́, díẹ̀ báyìí ni tobìnrin.

Mo fi ọ̀kan pamọ́ sẹ́yìn. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, dé Amẹ́ríkà ní 1950 láti kàwé. Ìlù ló sọ ọ́ di olókìkí. Àwo rẹ̀, Drums of Passion, jáde ní 1960. Coltrane fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó fi orúkọ rẹ̀ sọ orin kan, "Tunji", ní 1962. Nígbà tí Olatunji dá ibùdó àṣà Áfíríkà sílẹ̀ ní òpópónà 125th, ní Harlem, Coltrane wà lára àwọn tó fi owó tì í lẹ́yìn. Ibẹ̀ ló ti ṣeré ní ọjọ́ 23, oṣù kẹrin, 1967. Orin méjì péré ló wà nínú ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀: "Ogunde", àti "My Favorite Things", tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Tyner àti Elvin Jones ti lọ. Alice, ìyàwó rẹ̀, ló wà nídìí dùùrù, Pharoah Sanders ń fọn sasofóònù kejì, Rashied Ali wà nídìí ìlù, ìlù bàtá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Fún ìṣẹ́jú bíi méje, Jimmy Garrison nìkan ló ń ta béèsì. Kí soprano tó wọlé. Ohùn orin ọmọdé yẹn yọ fìrí, ó ya, iná ràn mọ́ ọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbà á ò lè gba gbogbo ẹ̀, ohùn fọ́ káàkiri. Coltrane kú ní ọjọ́ 17, oṣù keje, ọdún yẹn, ọmọ ogójì ọdún. Àwo náà ò jáde títí di 2001.

Mo fi earpiece sí Lọ́yà létí kó gbọ́ ọ. Ó tẹ́tí, ó dijú. Nígbà tó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó yọ ọ́, ó dá a padà fún mi.

"Ọ̀gá, mo gbọ́ ọ. Orin yẹn náà ni lóòótọ́. Mi ò kàn fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ ni."